Lẹ́tà sí Àjàní lórí kọ̀ǹpútà géèmù tó fẹ́ tò

Àjàní ọmọ mi,

Àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tí o fi ránṣẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Inú mi dùn pé ọwọ́ ara rẹ ni o fẹ́ fi tò ó, àti pé owó tí o ti ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni o fẹ́ ná. Nítorí owó náà ni mo ṣe jókòó kọ̀wé yìí.

Processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, oní-core 12 (core ni ẹ̀yà inú rẹ̀ tó ń ṣe ìṣirò) ni o fi síwájú, ó sì ti jẹ ìdajì owó rẹ. Yí i padà. Nínú géèmù, graphics card ló ń ya gbogbo ohun tí ojú ń rí, ọrùn rẹ̀ ni ẹrù tó wúwo jù wà. Owó tirẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀: ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ, ó sì lè súnmọ́ ìdajì. Processor oní-core 6 bíi Ryzen 5 5600 yóò tó ọ lò. Fáànù tí yóò máa mú un tutù wà nínú páálí rẹ̀, nítorí náà yọ èyí tó ń fi omi ṣiṣẹ́ kúrò.

Monitor rẹ ńkọ́? O kò dárúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kó pinnu irú graphics card tí o máa rà. Àmì tíntìntín tó wà lójú monitor 1920 × 1080 lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 2. Ti monitor 4K jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin iye yẹn, gbogbo wọn ni graphics card yóò sì máa kùn fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. Bí monitor rẹ bá jẹ́ 60Hz, àwòrán 60 péré ló lè fi hàn ọ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí lo wá fẹ́ fi graphics card tó ń ya 200 ṣe? Fún 1920 × 1080, wá èyí tí ìrántí rẹ̀ kò dín ní 8GB, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi 4K dà ọ́ láàmú.

O bi mí nípa àlòkù. Graphics card àlòkù kò burú, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń tà á kì í bọ kọ̀ǹpútà lójú rẹ, kí ẹ sì fi géèmù tó le dán an wò fún bí ìdajì wákàtí. Tẹ́tí sí fáànù rẹ̀. Máa wo ojú monitor, bóyá àwọ̀ àjèjì kan ń ṣẹ́jú tàbí ìlà kan ń já kiri. Bí ó bá kọ̀ láti jẹ́ kí o dán an wò, máa bá tìrẹ lọ.

Power supply, ẹ̀yà tó ń pín iná fún àwọn yòókù, ló kù tí mo fẹ́ bá ọ sọ gan-an. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni o kọ ọ́ sí, o kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀: “600W, èyíkéyìí tó bá dínwó.” Èyíkéyìí kọ́, Àjàní. Nígbà tí mo tò kọ̀ǹpútà tèmi àkọ́kọ́, èyí tó dínwó jù ni mo rà. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí páálí òfìfo, mi ò sì fura. Ó ṣiṣẹ́ fún oṣù díẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó dún páà, òórùn ike tó ń jóná gba gbogbo yàrá. Mo yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ibi fáànù, mo rí capacitor kan (ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú iná) tó ti wú, tí orí rẹ̀ ti ya. Motherboard, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà so mọ́, bá a lọ. Ẹni tó tà á fún mi kò dá mi lóhùn.

Nítorí náà, 550W tó dára sàn ju 750W tí kò ní orúkọ. Àmì 80 Plus tí o máa rí lára rẹ̀ ń sọ bó ṣe ń lo iná láìfi ṣòfò ni. Kò sọ pé yóò dáàbò bo àwọn ẹ̀yà yòókù. Wo ọdún tí àwọn tó ṣe é fi ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀, kí o sì ka ohun tí àwọn tó tú u wò sọ. Ìwọ má tú u láé o, iná máa ń wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ ọ́.

Àṣìṣe kan tún wà níbẹ̀: motherboard AM4 (orúkọ irú ihò tí processor ń wọ̀) ni o yàn, RAM DDR5 (irú ìrántí kọ̀ǹpútà kan) ni o sì kọ. Kò lè wọ̀ ọ́. DDR4 ni AM4 ń gbà. AM5 tó jáde ní 2022 ló ń lo DDR5. AM5 ṣì máa gba processor tuntun lọ́jọ́ iwájú, ṣùgbọ́n pẹ̀lú iye tó wà lọ́wọ́ rẹ, AM4 ni kí o ṣe. Ra RAM 8GB méjì, má ra 16GB kan ṣoṣo, kí méjèèjì lè jọ ṣiṣẹ́. SSD NVMe 1TB tí o kọ, ibi tí géèmù rẹ yóò máa wà ní ìpamọ́, dára. Àpótí tí afẹ́fẹ́ lè gba iwájú rẹ̀ wọlé ni kí o wá, kí o sì fi iná aláràbarà yẹn sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí o bá máa tò ó, wá igun processor tí wọ́n ya onígun mẹ́ta kékeré sí, kó o sì jẹ́ kó bá irú rẹ̀ lórí motherboard mu. Yóò wọlé fúnra rẹ̀. Má tẹ̀ ẹ́. Bí o bá tan kọ̀ǹpútà tí monitor dúdú, má jẹ́ kí àyà rẹ já. Wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ara motherboard ni o ki wáyà monitor bọ̀. Ara graphics card ni kó wà, torí Ryzen 5 5600 kò lè ya àwòrán fúnra rẹ̀. Bó bá ṣì dúdú, pè mí kí o tó tú ohunkóhun, kódà bó bá jẹ́ òru.

Èmi ni,
Ìyá rẹ