Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí a so àga kọ́, kí ẹ tó wo àga fúnra rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo kọ lẹ́tà yìí sí yín nítorí ọ̀rọ̀ jangilọ́fà àwọn ọmọdé àti àga àsokọ́ tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń rà sí iwájú ilé, sí ẹ̀yìnkùlé àti sínú yàrá. Ohun ìdùnnú ni wọ́n jẹ́, n kò sì kọ̀wé láti dẹ́rù ba ẹni tó fẹ́ rà wọ́n. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìjókòó nìkan ni a máa ń yẹ̀ wò. A ó tẹ tìmùtìmù rẹ̀ bóyá ó rọ̀, a ó wo àwọ̀ rẹ̀, a ó jókòó lé e lẹ́ẹ̀kan níbi tí wọ́n ti ń tà á, ó parí. Ìkọ́, ṣéènì, okùn àti igi òkè tó gbé ìjókòó náà dúró, a kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè nípa wọn.

Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 6 nígbà tí mo ra jangilọ́fà fún un. Lẹ́yìn ọdún 3, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí kò tilẹ̀ fì í sókè rárá, ìkọ́ ọwọ́ òsì já, ọmọ náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, egungun ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ sì sán. Nígbà tí mo gun àkàbà lọ tú ìkọ́ ọwọ́ ọ̀tún tó ṣẹ́ kù, mo rí ohun tí n kò lè gbàgbé. Láti ìsàlẹ̀, ìkọ́ náà nípọn tó ìka ọmọdé. Ṣùgbọ́n nínú kọ́rọ́ rẹ̀, níbi tí òrùka ṣéènì jókòó sí, irin ti jẹ irin títí ó fi kù bí igi ìṣáná. Ibẹ̀ ń dán yanran bí fàdákà tuntun, nítorí ojoojúmọ́ ni òrùka náà ń ha á. Ìjókòó rọ́bà tí mo fara balẹ̀ yàn kò ní àbùkù kankan. Mo padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi, mo gbé ìkọ́ náà lé e lọ́wọ́. Ohun tó bi mí ni bóyá mo fẹ́ ìjókòó mìíràn.

Àwọn àgbà ní ìsàlẹ̀ ni a ti ń gun igi, ṣùgbọ́n ní ti ohun tí a so kọ́, òkè ni kí olùrà ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tí ìkọ́ ń gbé nígbà tí ènìyàn bá ń fì ju ìwúwo ẹni náà lọ. Bí ọmọ tó wọn 30 kílò bá fì títí okùn fi yà tó ìwọ̀n díígírì 60 sí ibi tó máa ń rọ̀ sí, nígbà tó bá ń já ṣòòrò kọjá ní ìsàlẹ̀, ìlọ́po méjì ìwúwo rẹ̀, ìyẹn 60 kílò, ni okùn àti ìkọ́ ń gbé. Bí ó bá fì débi tí okùn bá igi òkè dọ́gba, ìlọ́po mẹ́ta ni, 90 kílò. Bí ọmọ mìíràn bá tún gun ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo ìṣirò yìí á tún gorí ara wọn. Nítorí náà, àkọlé tó sọ pé àga kan lè gbé 100 kílò kò tíì sọ ohun tí a fẹ́ mọ̀, àfi bí ó bá sọ bóyá ti ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ni tàbí ti ẹni tó ń fì.

Níbi tí a óò so ó kọ́, sílíǹ pẹlẹbẹ tí ó kàn bo òrùlé kò lè gbé ènìyàn; igi àjà gan-an tó wà lókè rẹ̀ ni kí a wá rí. Bóòtì tó gba inú igi náà já sí òdìkejì, tí a fi wáṣà gbígbòòrò àti nọ́ọ̀tì dè, sàn ju ìkọ́ tí a kàn yí wọ inú igi lọ, nítorí ìwọ̀nba igi tí eyín rẹ̀ bù jẹ nìkan ni irú ìkọ́ bẹ́ẹ̀ gbára lé, fífì tí ènìyàn ń fì síwá sẹ́yìn sì ń tú u díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ mọ̀. Mo tún bẹ àwọn tó fẹ́ràn ibùsùn àsokọ́ pé kí wọ́n má ṣe so ó mọ́ òpó bíríkì tó dá dúró. Bíríkì lè ru ẹrù tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ni ibùsùn bẹ́ẹ̀ ti ń fà á, kò sì ní agbára sí ìyẹn. Irú òpó bẹ́ẹ̀ ti wó pa ènìyàn ní Ọsirélíà.

Okùn náà ní tirẹ̀. Èyí tí wọ́n fi polypropylene, irú ike kan, ṣe kò wọ́n, ó fúyẹ́, ṣùgbọ́n oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún, tí irun wẹ́wẹ́ bí ìyẹ̀fun sì ṣí kúrò lára rẹ̀, ó ti ń kú lọ nìyẹn. Polyester máa ń fara da oòrùn jù ú lọ. Náílọ́ọ̀nù lágbára, àmọ́ ó máa ń nà, pàápàá bí omi bá wọ̀ ọ́. Okùn òwú tàbí ti ọ̀gbọ̀ rọ̀ lọ́wọ́, ó sì yẹ inú yàrá, ṣùgbọ́n bí òjò bá ń pa á, inú ló ti ń jẹrà wá síta, kò sì ní hàn lójú. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń yí i sí òdìkejì ìlọ́ rẹ̀ kí ó lè là, kí n wo àárín. Bí àárín bá ti dúdú, tàbí tó ń rùn bí aṣọ tutù, mo gé e kúrò láìbá ẹnikẹ́ni jíròrò.

Fún ìta gbangba, mo fara mọ́ ṣéènì ju okùn lọ, bí ojú rẹ̀ bá kéré tí ìka ọmọdé kò fi lè há sí i, tàbí bí wọ́n bá fi rọ́bà bo apá tí ọwọ́ ń dì mú. Kí ó jẹ́ irin tí wọ́n fi síǹkì bò, tàbí irin stainless. Ní etí òkun, oríṣi irin stainless tí wọ́n ń pè ní 316 ló ń fara da iyọ̀ ju oríṣi 304 lọ. Ìkọ́ tó dà bí lẹ́tà S gbọ́dọ̀ pa ẹnu dé débi pé àlàfo tó kù kò ní ju mílímítà 1 lọ, kí aṣọ má baà há síbẹ̀, kí òrùka má sì yọ jáde.

Nípa ìjókòó fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Fún eré ọmọdé, kí ó jẹ́ rọ́bà tàbí ike tó rọ̀, kì í ṣe pákó tàbí irin, nítorí ìjókòó tó ṣófo lè gbá ọmọ tó ń sáré kọjá lórí. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 4 nílò ìjókòó tó yí i ká níwájú àti lẹ́yìn. Ihò ara àga tí wọ́n hun kò gbọ́dọ̀ wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 9 sí 23, nítorí ara ọmọ lè gba ibẹ̀ kọjá kí orí rẹ̀ há. Èyí tí wọ́n fi pankẹ́rẹ́ gidi hun, inú ilé ni kí ó wà. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ ọwọ́ sùn sínú àga àsokọ́, nítorí bí àgbọ̀n rẹ̀ bá tẹ̀ mọ́ àyà, ọ̀nà èémí rẹ̀ lè dí.

Ilẹ̀ abẹ́ jangilọ́fà ṣe pàtàkì tó ìkọ́ òkè, ọ̀pọ̀ wa kò sì kà á sí nǹkankan. Àjọ tó ń mójú tó ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà, Consumer Product Safety Commission, sọ pé koríko àti ilẹ̀ lásán kò tó láti gba ẹni tó bá ṣubú, kí a má tíì sọ kọnkéré. Èérún igi ni wọ́n ní kí a kó síbẹ̀, kí jíjìn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 23, kí ó sì gùn síwájú àti sẹ́yìn ní ìlọ́po méjì gíga igi òkè. Bí igi òkè bá ga ní mítà 2 ààbọ̀, mítà 5 síwájú àti mítà 5 sẹ́yìn nìyẹn. Ẹni tí àyè ilé rẹ̀ kò bá tó bẹ́ẹ̀, kí ó dín gíga igi náà kù; kí ó má ṣe dín ilẹ̀ kù.

Ìlànà wà fún gbogbo èyí. EN 71-8 wà fún ohun eré inú ọgbà ilé ní Yúróòpù, ASTM F1148 sì wà fún irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tó ń ṣe nǹkan wọ̀nyí àti àwọn tó ń tà wọ́n ni pé kí wọ́n kọ ohun mẹ́ta sára wọn ní èdè tí olùrà lè kà: ìwúwo tí ó lè gbé nígbà tí ènìyàn bá ń fì, irú irin tí wọ́n fi ṣe ìkọ́ rẹ̀, àti ìgbà tí ó yẹ kí a pààrọ̀ ìkọ́ náà. Ẹ̀yin òbí tí ẹ sì ti ní jangilọ́fà nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gun àkàbà lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gbé òrùka kúrò nínú ìkọ́, kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń ha ara wọn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, òǹkàwé yín