Kí o tó sanwó Z3 yẹn

Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn òjò

Baba Ìbejì mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Fọ́tò mẹ́tàdínlógún ni mo kà lórí fóònù mi láàárọ̀ yìí, gbogbo rẹ̀ ti ọkọ̀ kan ṣoṣo, BMW Z3 tí o fẹ́ rà ní Jámánì níbẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ bí ìbejì, méjì péré lo fi ránṣẹ́, ọ̀kan nínú rẹ̀ tún ṣókùnkùn. Mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé ibi tí etí kì í gbọ́ ìkìlọ̀ mọ́, ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, kí o lè máa kà á ní àkàtúnkà kó tó di Sátidé tí o máa lọ wò ó. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Àbúrò mi ti wọ FUNAAB, òjò sì ti jẹ ẹsẹ̀ gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù bó ṣe máa ń jẹ ẹ́ lọ́dọọdún.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, ọkọ̀ náà rẹwà. Z3, ẹ́ńjìnnì lítà 2.8, ti 1997, bọ́nẹ́ẹ̀tì tó nà síwájú bí ọkọ̀ apẹja orí odò Ògùn, ìdí kúkúrú, ìjókòó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí taya ẹ̀yìn, tó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá fẹ́ yọ̀, ìdí rẹ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ kí ọwọ́ rẹ tó mọ̀. Sílíńdà mẹ́fà tó tò tẹ̀léra, agbára ẹṣin 193, kò sí tọ́bò, wáyà gidi ló so ẹsẹ̀ rẹ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Àwọn ọkọ̀ ìsinsìnyí ń yára jù ú lọ, àmọ́ wọn kì í bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Ìjókòó méjì péré ló ní, ìbejì sì lo bí. Táíwò á jókòó, Kẹ́hìndé á jókòó. Ta ni yóò wá wa ọkọ̀?

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni èyí tí o fi ń yangàn, pé kìlómítà 84,000 péré ló rìn. Àkànjí, ìrìn kọ́ ló ń pa irú ọkọ̀ yìí, ọjọ́ orí ni. Ọkọ̀ tó wà ní gáréèjì láti ọdún mọ́dún kì í sinmi, gbígbó ló ń gbó. Rọ́bà ń gan, ike ń sán, ọ́ìlì tó yẹ kó máa pa sííìlì lára ti ṣàn wálẹ̀ tipẹ́. Wo taya rẹ̀ fún àpẹẹrẹ. Nọ́ńbà mẹ́rin ló parí ìlà DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ taya: 3212 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n nínú ọdún 2012. Bí ojú taya ṣì jin bí tuntun, tó bá sáà ti lé ní ọdún mẹ́wàá, pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ibi tí omi ń gbà tu ẹ́ńjìnnì ni kí o kọ́kọ́ náwó sí. Ẹ́ńjìnnì kan náà ló wà nínú BMW 328i tí wọ́n ń gbé wá fún wa, torí náà ojú mi ti rí i. Abẹ́ tó ń ti omi nínú wọ́tà pọ́ǹpù, ike ni. Ọrùn rédíétọ̀ níbi tí họ́ọ̀sì òkè ti wọlé, ike ni. Ilé tọ́mósítátì, ike ni. Táǹkì omi ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀, ike ni. Bí abẹ́ yẹn bá sán, ọ̀pá á máa yí bó ṣe ń yí, bẹ́lìtì á máa kọrin rẹ̀ lọ, omi ò sì ní kúrò lójú kan. Tọ́ọ̀pù sílíńdà rẹ̀ alumíníọ̀mù ni. Tó bá gbóná kọjá ààlà lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti wọ́ nìyẹn, gáskẹ́ẹ̀tì á jó, omi á sì bá ọ́ìlì pàdé. Ṣí ìdérí ọ́ìlì wò: bí o bá rí nǹkan tó kì bí ògì lábẹ́ rẹ̀, kí ọkùnrin tó ń tà á pé ó dàbọ̀. Má sì gbára lé ọwọ́ tó ń júwe ooru ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Wọ́n ṣe é kó máa dúró láàárín ni, kó má bàa máa já awakọ̀ láyà. Ọjọ́ tí o bá rí i tó kọjá àárín, pa ẹ́ńjìnnì níbi tí o bá wà, kódà kó jẹ́ iwájú ilé àna rẹ.

Pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ra pọ́ǹpù tí abẹ́ rẹ̀ jẹ́ irin, àti ilé tọ́mósítátì alumíníọ̀mù. Wọ́n wà lọ́jà. Omi tí yóò gbà tó lítà mẹ́wàá àtààbọ̀, ìdajì coolant aláwọ̀ búlúù, ìdajì omi tí kò ní iyọ̀ nínú, irú èyí tí wọ́n ń bù sí bátìrì. Bí o bá ń da á, yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi kejì láì tan ẹ́ńjìnnì, gbé híítà dé ibi tó gbóná jù, kí fáànù wà lórí kékeré. Tú nọ́ọ̀tì afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìdérí táǹkì, máa da omi díẹ̀díẹ̀ títí èyí tó ń jáde níbẹ̀ kò fi ní hó mọ́. Rọra dì í padà o. Òun náà, ike ni.

Ọ̀rọ̀ inú sílíńdà ńkọ́? Àwọn tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù ṣáájú ìparí 1998, Nikasil ni wọ́n fi bo ojú sílíńdà wọn, sulphur inú epo sì máa ń jẹ ẹ́. Epo Jámánì ti mọ́ báyìí, nítorí náà èyí tí yóò bàjẹ́ ti bàjẹ́ tipẹ́. Síbẹ̀, jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lójú rẹ. Kì í ṣe iye rẹ̀ nìkan là ń wò. Kí ọ̀kan má fi púpọ̀ rẹlẹ̀ sí àwọn yòókù. Kí ẹ́ńjìnnì sì tutù kí o tó dé. Ẹni tó bá ti mú un gbóná dè ọ́, ó ní ohun tó ń fi pamọ́, torí òwúrọ̀ tútù ni ẹ́ńjìnnì tó ti jẹ máa ń ṣe wàhálà kó tó tan.

Èyí tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn jù lọ wà nínú bọ́ọ̀tù. Etí kan ṣoṣo ló so difirẹ́ńṣà, àpótí gíà tó ń pín agbára fún taya ẹ̀yìn méjèèjì, mọ́ ara ọkọ̀ lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì ńlá yẹn sì ń fà á ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ká káàpẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀tù sókè, tan tọ́ọ̀ṣì, wo ojú wẹ́ẹ̀dì rìbìtì-rìbìtì tó so ilẹ̀ bọ́ọ̀tù mọ́ irin ìdábùú abẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀dà bá ti sán yí wọn ká, tàbí tí ilẹ̀ bọ́ọ̀tù ti ń gbéra kúrò lára irin, ó ti ń ya. Wà á pẹ̀lú: bí o bá ń jù ú sí gíà kìíní tí o sì gbọ́ "gbọ̀ọ́!" lẹ́yìn, ìwọ náà ti mọ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì, iṣẹ́ panẹ́lì bítà ni: wọ́n á gé e, wọ́n á fi irin tó nípọn dì í. Owó rẹ̀ lè gba ìdajì owó ọkọ̀.

Àwọn ìyókù kò le: ìjókòó tó ń mì síwá sẹ́yìn bí o bá tẹ búrẹ́ẹ̀kì, búṣì kéékèèké ni, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ọ́ìlì tó ń rùn lórí ẹ̀sọ́ọ̀sì, gáskẹ́ẹ̀tì ìdérí òkè ni. Ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ń gbà, lítà mẹ́fà àtààbọ̀ ni. Fèrèsé ẹ̀yìn òrùlé aṣọ rẹ̀, ike rírọ̀ ni; má ká a nínú òtútù, ńṣe ni yóò fọ́. Nọ́ńbà ọkọ̀ olóṣù tí o sọ, 04 sí 10, ìyẹn èyí tí wàá fi lè wà á láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá nìkan, mo fara mọ́ ọn. Owó orí àti ìnṣọ́ránsì oṣù méje nìkan lo máa san, ọkọ̀ kò sì ní tẹ iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín. Àmọ́ gbogbo owó tí o bá fi rà á, mú ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún àkọ́kọ́. Èrò tèmi nìyẹn.

Ìlérí pé o máa gbé e wálé lọ́jọ́ kan, gbàgbé ẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ti lé ní ọdún 12 wà lára ohun tí kọ́sítọ́ọ̀mù fòfin dè. Ká tiẹ̀ ní wọ́n gbà, báwo ni abẹ́ rẹ̀ ṣe fẹ́ kọjá bọ́ǹpù Obántókò?

Mo dárúkọ Obántókò, ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo kọjá níwájú ilé rẹ lọ́jọ́bọ̀. Irin tó yọ lórí àwọn òpó ti pọ́n bí epo pupa, ewéko ti ga dé ojú fèrèsé pálọ̀. Màmá bi mí pé ṣé o sọ ìgbà tí owó páànù máa dé. Mo ní o ń gbìyànjú. Mi ò dárúkọ ọkọ̀ kankan fún wọn o, àmọ́ o mọ Màmá, ojú lásán ni wọ́n fi wò mí, mo bá ń wo ilẹ̀. Ẹni tó fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, mo gbà. Àáké ta ni, ni mo ń bi ọ́. Bí owó méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, jọ̀wọ́, Baba Ìbejì, fi ti páànù ránṣẹ́ ná. Irú Z3 yẹn ṣì pọ̀ lọ́hùn-ún.

Bí o bá sì ra á náà, ra pọ́ǹpù abẹ́ onírin méjì, kí o mú ọ̀kan bọ̀ ní Kérésì fún 328i kan tó wà lọ́wọ́ mi. Màá san owó rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, má wọ ṣòkòtò funfun. Mú tọ́ọ̀ṣì dání, ká káàpẹ́ẹ̀tì yẹn sókè, kí o pè mí lórí fídíò kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó. Wákàtí kan ni aago tiyín fi ṣáájú tiwa; màá ti ra dátà sílẹ̀.

Èmi ni,
Àkànní