Èkó sí Àkúrẹ́ pẹ̀lú ọmọ kékeré: ọ̀nà wo ló yẹ ká gbà?

Sí Olóòtú,

Bí ọdún bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, ìbéèrè tó máa ń gba ẹnu àwọn tó ń ti Èkó lọ sí Àkúrẹ́ ni pé ọ̀nà wo ló yá jù. Ẹni tó dá wà nínú ọkọ̀ lè béèrè bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta bá wà lẹ́yìn, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ jẹ wá lógún ni ibi tí a ti lè dúró. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré kiri ilé kò gbọdọ̀ jókòó pa ju wákàtí méjì lọ. Ebi, ìgbẹ́ àti ooru kì í sì í dúró de ìlú tó kàn.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan gba Ṣàgámù, Ìjẹ̀bú-Òde, Orè àti Oǹdó. Èkejì gba Ìbàdàn, Ifẹ̀, Iléṣà àti Ìgbàrà-Òkè. Ní ti kìlómítà, ìyàtọ̀ wọn kò tó ohun tí à ń jiyàn lé lórí. Ṣùgbọ́n láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Orè nìkan lé ní 100 kìlómítà, igbó ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ọmọ bá ń bì tàbí tí ara rẹ̀ ń gbóná láàárín igbó yẹn, etí títì nìkan lẹ ní, tírélà á sì máa sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Lọ́nà kejì, ilé ìwòsàn UCH wà ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní Ifẹ̀, ilé ìwòsàn Wesley Guild sì wà ní Iléṣà. Torí èyí ni mo ṣe fara mọ́ ọ̀nà Ìbàdàn fún ẹnikẹ́ni tó bá ń gbéra láti Ìkẹjà, Ògbà tàbí Kétu.

Ti ẹni tó ń gbé Ajah tàbí Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí yàtọ̀. Kí onítọ̀hún má padà wá há sórí afárá torí pé ó fẹ́ gba Berger, níbi tí a ti ń jáde ní Èkó sí ọ̀nà Ìbàdàn. Kó gba Ẹ̀pẹ́ bọ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde, kó dúró níbẹ̀ dáadáa: kó pààrọ̀ pampers ọmọ bó tilẹ̀ gbẹ, kó fún un lómi, kó jẹ́ kó rìn fún ogún ìṣẹ́jú, kó tó wọ igbó.

Ọ̀nà Ìbàdàn náà ní wàhálà tirẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ìsìn ńlá máa ń wà ní Redemption City, ibùdó ìjọ Redeemed, èrò ibẹ̀ sì lè di ọ̀nà Ìbafò àti Mowé pa. Ẹ yan ọjọ́ mìíràn. Ní Ògèrè, tírélà máa ń tò sí etí ọ̀nà, ẹ dẹ ẹsẹ̀ lórí iná níbẹ̀. Aago mẹ́fà àárọ̀ dára láti kọjá Berger, kí ẹ lè kọjá Ìwó Róòdù ní Ìbàdàn kí ọjà tó kún. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ tí kùrukùrù bolẹ̀, ẹ dúró títí ojú ọ̀nà yóò fi mọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín lójú ọ̀nà méjèèjì.

Lẹ́yìn Iléṣà ni òkè àti kọ́nà bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ọmọ tó ti lé lọ́dún méjì ti sábà máa ń bì. Nítorí náà, Ifẹ̀ ni kí ó ti jẹun, oúnjẹ fúyẹ́: ẹ̀kọ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí mọ́ín-mọ́ín tí kò ní ata. Dòdò Ìkirè dùn, ṣùgbọ́n epo àti ata inú rẹ̀ kì í ṣe fún ọmọdé. Bí ojú ọmọ bá ṣàdédé funfun, tó ń yán, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ẹ wá ibi tó fẹ̀ kí ẹ dúró. Èébì ti ń bọ̀ nìyẹn.

Àga ọmọ inú ọkọ̀ ló ku. Kò sí apá ìyá tó lágbára tó láti di ọmọ mú bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Títí ọmọ yóò fi pé ọdún méjì ó kéré tán, kí àga rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Kò sì gbọdọ̀ wà níwájú níbi tí èábáàgì (àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń bẹ́ jáde bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan) wà, torí bí àpò yẹn bá bẹ́, ẹ̀yìn àga ọmọ ni yóò gbá. Bí bẹ́líìtì àárín ìjókòó ẹ̀yìn kò bá dára, ẹ fi àga náà sọ́wọ́ ọ̀tún lẹ́yìn níbẹ̀. Oòrùn àárọ̀ yóò máa ta síbẹ̀ títí dé Ìbàdàn, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú fèrèsé ló máa gbà á. Ilẹ̀kùn ọ̀tún ló kọjú sí koríko, ẹ kò ní máa gbé ọmọ sọ̀ sójú títì. Ẹ bọ́ súẹ́tà ọyẹ́ kí ẹ tó de bẹ́líìtì, kí ẹ wá fi aṣọ bò ó láti òkè. Súẹ́tà tó nípọn máa ń jẹ́ kí bẹ́líìtì dẹ̀ láìfura. Bí ìka yín bá ṣì lè ká bẹ́líìtì náà ní èjìká ọmọ, kò tíì le tó. Lẹ́yìn ìdúró nínú oòrùn, ẹ fọwọ́ kan irin rẹ̀ kó tó kan itan ọmọ.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ lọ sí gáréèjì, kí ẹ bi awakọ̀ tó dé láti Àkúrẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an nípa kòtò àti ibi tí wọ́n ti ń ṣe títì. Google Maps ń wo àkókò, kò mọ ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ wà. Nọ́ńbà àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122, ọ̀fẹ́ ni.

Mo bẹ ìwé ìròyìn yín kí ẹ máa tẹ ipò ọ̀nà méjèèjì jáde lọ́jọ́ Ẹtì. Kí ẹ sì bá wa béèrè lọ́wọ́ ìjọba: ìgbà wo ni wọn yóò kọ́ ibi ìsinmi tó ní omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sáàárín Ìjẹ̀bú-Òde àti Orè?

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín, Àkúrẹ́