Ẹ̀sùn lórí gíà iwájú tẹ́ ẹ tà fún wa: iye tẹ́ ẹ pè é kọ́ la san, ohun tá a bèèrè kọ́ lẹ sì kó fún wa

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o.

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Èmi ni mo ni ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èèyàn àti ẹrù lọ sí Aguégués, àwọn abúlé tó wà láàárín omi, àbúrò mi ló ń wà á, Yamaha Enduro 40 ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀, èyí tí nọ́ńbà píẹ́sì ẹ̀ ń fi 66T bẹ̀rẹ̀. Mo ti pè yín lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹni tó ń gbé fóònù ní kí n ṣe sùúrù, mo ṣe é, mi ò rí nǹkan kan, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ kó lè dé ọwọ́ ẹni tó láṣẹ níbẹ̀.

Bọ́rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Tí àbúrò mi bá ti fi ọkọ̀ sí gíà iwájú, á dún kàà kàà kàà, á yọ, ọkọ̀ á kàn máa fò lójú kan. Mẹkáníìkì wa tú ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì sínú ike, ó funfun bí omi ògì, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ mọ̀ pé omi ti wọlé nìyẹn, rọ́bà síìlì ẹnu ṣáàfù ló ti jẹ. Ó ki ìka bọ ọ́ìlì yẹn, irin wẹ́wẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń dán bí ìpẹ́ ẹja. Nígbà tó tú u tán, eyín gíà iwájú ti kán méjì, ìyókù ti jẹ, ṣùgbọ́n píníọ̀nù, gíà kékeré tó ń yí i, ṣì dáa. Títí dé ibẹ̀ yẹn, ẹ̀bi tiwa ni, ó yẹ ká ti pààrọ̀ ọ́ìlì ní gbogbo wákàtí 100, a jẹ́ kó pẹ́ jù. Mi ò kó ìyẹn sí yín lọ́rùn.

Mo ya fọ́tò gíà àtijọ́, mo kọ ọ́ pé eyín ẹ̀ jẹ́ 26, píníọ̀nù tó ń bá a ṣiṣẹ́ jẹ́ 13, mo kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sí i, mo fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Ẹ dáhùn pé ó wà nílẹ̀, ojúlówó ni, 85,000 sẹ́fà, gbogbo ẹ̀ ti wà nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lórí fóònù mi. Ní ọjà Tọkpá wọ́n pè é ní 55,000, mi ò rà á, torí ẹni tó ń tà á ò lè sọ ibi tó ti rí i, kò sì sí nọ́ńbà kankan lára páálí. Mo ní kí n kúkú san owó ojúlówó kọ́kàn mi balẹ̀.

Àfi bí àbúrò mi ṣe dé ọ̀dọ̀ yín, ó di 120,000. Ẹ ní yúrò ti gbówó lórí. Yúrò wo? Láti 1999 tí wọ́n ti so sẹ́fà mọ́ yúrò, 655.957 ni yúrò kan, kò tíì fi sẹ́ńtì kan yí padà títí dòní. Ká ní ẹ sọ pé owó ọkọ̀ tàbí owó kọ́sítọ́ọ̀mù ló wọ́n, màá bèèrè ìwé ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yúrò yẹn ò wọlé rárá. Lẹ́yìn náà ẹ tún fi TVA, owó orí ọjà ti ìjọba, 18% lé e, 21,600, ó wá di 141,600. Ọmọ yẹn san án torí ọkọ̀ ti wà nílẹ̀. Ẹ gba TVA, ẹ ò fún un ní fáktúù nọ́málísé, ìyẹn rìsíìtì tí ìjọba fọwọ́ sí, bébà tẹ́ ẹ fi bíìrò kọ lẹ fún un, "píẹ́sì bóòtù" nìkan ló wà lórí ẹ̀, kò sí nọ́ńbà, kò sí orúkọ.

Ó gbé e délé, mẹkáníìkì tẹ́ àpò ìrẹsì sílẹ̀, ó kó gíà méjèèjì lé e, ó fi ṣọ́ọ̀kì kun eyín kan kó má baà ṣìnà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ti àtijọ́, 26. Tiyín, 24. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, èmi náà kà á, ọmọ mi tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kà á. Ó gbé píníọ̀nù tì í, eyín ò wọnú eyín. Gíà ẹ́ńjìnnì mìíràn ni!

Kò dé inú gíábọ́ọ̀sì rí, gíríìsì tó bá a wá ṣì wà lára ẹ̀. Síbẹ̀ nígbà tá a dá a padà, ẹni tó wà ní káńtà ní píẹ́sì tó bá ti jáde kì í wọlé mọ́. Ta ló sọ ìyẹn fún wa ká tó sanwó?

Ọjọ́ 17 rèé tá a ti wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ yìí. Oṣù tí odò Ouémé kún yìí, omi ti gba ojú ọ̀nà, ọkọ̀ ojú omi làwọn ará Aguégués ń wọ̀ dé ọjà, dé ilé ìwé, dé ọsibítù. Àwọn obìnrin tó ń gbẹ́kẹ̀ lé mi láti kó ẹja wọn wá sí Àjàṣẹ́ ń pè mí ní ìdájí, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún wọn mọ́. Ó ká mi lára gan-an.

Ohun tí mo ń fẹ́ ò ju pé kẹ́ ẹ fún mi ní gíà iwájú 66T tí eyín ẹ̀ jẹ́ 26, pẹ̀lú nọ́ńbà lára páálí ẹ̀, ní 85,000 tẹ́ ẹ fẹnu ara yín pè, kẹ́ ẹ dá 56,600 padà fún mi, àti fáktúù tó péye. Tí kò bá sí lọ́dọ̀ yín, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, ẹ dá 141,600 mi padà kí n wá a lọ síbòmíì, àní tó bá di Èkó. Ẹ má tún sọ fún mi pé ó ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ̀yìn èyí, tí ẹnikẹ́ni bá bèèrè iye píẹ́sì gíábọ́ọ̀sì, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀ àti ibi tó ti wá pẹ̀lú iye tẹ́ ẹ pè é, torí iye lásán tí ò ní nọ́ńbà, kò sí bí èèyàn ṣe máa mọ ohun tó ń rà.

Àbúrò mi ń gbé gíà náà bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, nínú páálí tẹ́ ẹ fi dì í, ti àtijọ́ náà á wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan bá a kà á lórí káńtà.

Èmi ni, Ìyá ọlọ́kọ̀, Àjàṣẹ́.