Ẹnu ta ni a ti gbọ́ nípa Cunina àti Rumina?

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́. Inú mi dùn pé ìwé ìròyìn Yorùbá fi àyè sílẹ̀ fún àròkọ kan nípa àwọn òrìṣà obìnrin kéékèèké tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń bọ. Ohun tó dùn mí ni pé ẹni tó kọ àròkọ náà ń sọ̀rọ̀ wọn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ eré ọmọdé, kò sì sọ fún wa ẹnu ẹni tí ìtàn náà ti jáde.

Ọ̀dọ̀ Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Àlgéríà lónìí, ni ọ̀pọ̀ orúkọ wọn ti dé ọ̀dọ̀ wa, nínú ìwé Ìlú Ọlọ́run tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ní nǹkan bí ọdún 413, láti fi ẹ̀sìn náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ènìyàn kan ṣoṣo tó láti ṣọ́ ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n òrìṣà mẹ́ta ni wọ́n fi síbẹ̀, tí Cardea sì ń ṣọ́ ibi tí ilẹ̀kùn ti ń yí. Varro, ọ̀mọ̀wé Róòmù tó kú ní ọdún 27 ṣáájú ìbí Kristi, ló ti kọ nípa wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ìwé tó kọ nípa wọn ti sọnù, àfi gbólóhùn tí àwọn ẹlòmíràn fà yọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ẹ wo àwọn tó ń tọ́jú ọmọ. Levana ni wọ́n ń ké pè nígbà tí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun nílẹ̀, Cunina ń ṣọ́ ibùsùn rẹ̀, Potina sì ń bójú tó ohun tó ń mu. Ìyá tó ti jí lóru rí, ní Múṣin tàbí ní Lafiaji, láti wò ó bóyá ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń mí, mọ iṣẹ́ Cunina kí ẹnikẹ́ni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Rumina ló ni ti ọmú; wàrà ni wọ́n fi ń bọ ọ́, wọn kì í fún un ní wáìnì, ojúbọ rẹ̀ sì wà lẹ́bàá igi ọ̀pọ̀tọ́ kan nínú ìlú Róòmù. Àwọn tó ń yẹra fún ọtí níwájú òrìṣà ọmọ ọmú kò ṣeré rárá.

Nundina ló jọ mí lójú jù. Orúkọ rẹ̀ ti inú ọ̀rọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án jáde, nítorí ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti obìnrin. Bàbá mi àgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó a máa sọ pé láyé àtijọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin tiwa, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. N kò sọ pé ẹnìkan kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹnìkejì o.

Òrìṣà obìnrin mìíràn, Furrina, ní àlùfáà àti ọdún tirẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Keje, síbẹ̀ Varro kọ ọ́ pé nígbà ayé òun, agbára káká ni àwọn ènìyàn díẹ̀ fi mọ orúkọ rẹ̀.

Kí tiwa má baà di ìgbàgbé bẹ́ẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ rán akọ̀ròyìn yín sí agboolé àwọn ìyá àgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti Èbúté Mẹ́ta, nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé, kí ó kọ ohun tí wọ́n ń sọ bí wọ́n bá ń wẹ ọmọ tuntun àti bí wọ́n bá ń gbé e sọ́mú, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì,
Yábàá, Èkó.