Kí wọ́n bi àwọn ọmọ náà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ní ọdún 2024, ìlú Riihimäki ní Fínláǹdì dá ìwé padà sọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ń fi kọ̀ǹpútà kàwé. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2025, òfin tó ń dí fóònù lọ́wọ́ nínú kíláàsì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Inú mi dùn gan-an. Olùkọ́ ni mí. Mo mọ bí ìka ọmọ ṣe máa ń yọ́ kúrò lórí ẹ̀kọ́ bọ́ sínú géèmù.

Àmọ́ òfin kan náà ní Fínláǹdì ni pé kí ilé ẹ̀kọ́ ní ìgbìmọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ kúrò lórí tábìlì, kí olùkọ́ kọ́kọ́ bi ọmọ tó jókòó tì í pé kí ló ń fi ṣe.

Olùkọ́ kan, Ìbàdàn