Lẹ́tà sí Ìyá Kọ́lá lórí àtẹ́wọ́ tí wọ́n ń pa fún sójà

Clarksville, Tennessee

Ìyá Kọ́lá mi,

Mo rí fídíò tí o fi ránṣẹ́, èyí tí gbogbo èrò inú bàálù dìde tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún sójà tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. O ní ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà mà mọ sójà í ṣìkẹ́ o, kí tiwa náà wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ yín. Mo rẹ́rìn-ín. Ǹ bá fi ohùn dá ọ lóhùn lórí WhatsApp, àmọ́ Bàbá Ìbejì wà ní pálọ̀, ohun tó wà níkùn mi kì í ṣe ohun tí mo lè máa sọ sókè. Ni mo bá ní kí n jókòó kọ lẹ́tà bíi ti ayé họ́sítẹ́lì.

Kí n tó gbàgbé: eyín iwájú Táyé ti yọ, mo yege ìdánwò yẹn, ọkọ̀ mi ti gba ẹ̀ńjìnnì mìíràn, òjò ti ba gbogbo ata tí mo gbìn jẹ́. Ó tó.

Bàbá Ìbejì ti dé láti Romania tí iṣẹ́ sójà gbé e lọ. Ọwọ́ pé, ẹsẹ̀ pé, a dúpẹ́. Gbọ̀ngàn ńlá kan ni wọ́n kó wa sí lọ́jọ́ náà, orin ń dún, àsíá ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n túká báyìí, Kẹ́hìndé sáré lọ di mọ́ ẹsẹ̀ sójà mìíràn, ó ń ké "Dádì! Dádì!" Aṣọ kan náà ni gbogbo wọn wọ̀, kí lọmọdé mọ̀? Gbogbo èèyàn fi rẹ́rìn-ín. Bàbá Ìbejì náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rí ojú rẹ̀.

Láti ìgbà náà, kò sí ibi tí a dé tí wọn kì í ti í dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé epo, ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí wọ́n ti ń gẹrun. "Ẹ ṣé fún iṣẹ́ ìsìn yín." Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan sanwó kọfí rẹ̀, ó sì ti bá tirẹ̀ lọ kí a tó yíjú. Inú rere ni, mi ò ní kí wọ́n má ṣe é. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ibi tí wọ́n ti ń sanwó yẹn náà ló máa ń parí sí.

Ṣé o mọ̀ pé láti 1973 ni wọn kò ti fipá mú ẹnikẹ́ni wọṣẹ́ sójà mọ́ níbí? Ẹni tó bá wù ló ń lọ. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun báyìí kò pé ẹyọ kan. Torí náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ yẹn kò ní ọmọ níbẹ̀, wọn ò ní àbúrò níbẹ̀. Tí ogun bá dé orí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á yí i sí ibòmíì. Nígbà míì mo máa ń rò ó pé ọpẹ́ tí wọ́n ń dá yẹn, ọpẹ́ pé ọ̀ràn ò kan àwọn ni.

Àwọn àgbààgbà tó wà lókè ńkọ́? Jẹ́ kí n sọ ti 2022 fún ọ. Àbá òfin kan wà nílẹ̀ láti tọ́jú àwọn sójà tó fa èéfín burúkú símú ní Iraq àti Afghanistan. Kòtò ni wọ́n máa ń kó pàǹtí bárékè sí níbẹ̀, ike, táyà, oògùn, gbogbo ẹ̀, wọ́n á dáná sun ún nítòsí ibi tí ọmọ ọlọ́mọ ń sùn. Nígbà tó yá, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró dé, jẹjẹrẹ dé. Oṣù kẹfà, àwọn sẹ́nétọ̀ dìbò pé àwọn fara mọ́ àbá náà. Oṣù keje, àwọn tó lé ní ogún nínú wọn yí ìbò padà, ó di pé nǹkan dúró. Àwọn sójà àtijọ́ ló lọ ń sùn sórí àtẹ̀gùn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington, nínú ooru yẹn, kí wọ́n tó dìbò fún un ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ. Ààrẹ Biden wá bu ọwọ́ lù ú ní ọjọ́ kẹwàá. Ẹnu dùn-ún ròfọ́, Ìyá Kọ́lá.

Tàbí ti January 2019, tí ìjọba ti ilé iṣẹ́ pa nítorí ìjà owó. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun, tí àwọn náà jẹ́ ológun, kò gba owó wọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Àwọn aráàlú ló ń kó oúnjẹ àti ìlédìí ọmọ wá fún wọn. Àwọn tó gbé nǹkan wá yẹn, mo kí wọn o.

Ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ mi, àsíá gàgàrà ló wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sára ògiri pé àwọn wà lẹ́yìn ọmọ ogun. Nọ́ọ̀sì kan láàárín wa tó wà nínú National Guard, àwọn ológun tó ń ṣiṣẹ́ mìíràn títí ìjọba á fi pè wọ́n, ni wọ́n pè lọ sẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Nígbà tó fi máa padà, wọ́n ti gbé ẹlòmíì sípò rẹ̀, wọ́n ní kó lọ máa ṣe òru. Òfin ti wà láti 1994 pé wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ ẹjọ́.

Ẹni tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni bàbá àgbà òyìnbó tó múlé gbè wá. Ó ja ogun Vietnam. Ní gbogbo ìgbà tí Bàbá Ìbejì kò sí nílé, bàbá yìí ló ń gbé ike ìdọ̀tí wa síta kí n tó jí. Nígbà tí ẹ̀rọ omi gbígbóná kọṣẹ́ tí àwọn tó nilé ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la, òun ló kó irinṣẹ́ dé, ó nà gbalaja sílẹ̀, ó ń ṣépè fún ẹ̀rọ náà títí omi fi gbóná. Kò dúpẹ́ iṣẹ́ ìsìn lọ́wọ́ wa rí, kò sì sí sítíkà kankan lára ọkọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ó kórìíra ogun! Gbogbo ìgbà ló ń kọ̀wé sí àwọn aṣòfin pé kí wọ́n yé kó ọmọ ọlọ́mọ lọ síbi tí àwọn fúnra wọn ò lè ṣàlàyé. Àwọn kan ládùúgbò wá ń sọ pé bàbá náà ò fẹ́ràn sójà. Bàbá yìí kẹ̀!

Jẹ́ kí n ṣe òfófó díẹ̀. Ṣé o rántí àbúrò bàbá ọkọ mi tó ní Bàbá Ìbejì ti sọ ara rẹ̀ di ẹrú òyìnbó? Wọ́n pè mí. Wọ́n kí mi, wọ́n kí àwọn ọmọ, díẹ̀ ló kù kí wọ́n kí ajá tí a ò ní. Àṣé wọ́n fẹ́ bi mí pé orúkọ ta ló wà lórí ìwé ìnṣọ́ránsì sójà ni. Wọ́n ti wádìí! Wọ́n mọ̀ pé ó lè tó $500,000, wọ́n sì mọ̀ nípa $100,000 tí ìjọba ń fún ẹbí lọ́tọ̀. Mo ní, "Bàbá, ọmọ yín wà láàyè o, abọ́ ló ń fọ̀ lọ́wọ́."

Òótọ́ ni pé abọ́ ló ń fọ̀. Aago mẹ́ta òru náà ló máa ń fọ̀ ọ́. Kì í sùn, ọ̀rẹ́ mi. Mo máa ń bá a ní kíṣìnì láìtanná, tó ń nu orí gáàsì tó ti mọ́. Ó ní òun ò yìnbọn, òun ò rógun, kí lòun fẹ́ máa rojọ́ sí? Àmọ́ ọ̀kan nínú àwọn sójà tí wọ́n jọ lọ, ọ̀dọ́ kan tó máa ń wá jẹun nílé wa, gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, Bàbá Ìbejì ò dárúkọ rẹ̀. Lọ́dọọdún ni àwọn sójà àtijọ́ tó lé ní 6,000 ń pa ara wọn nílẹ̀ yìí, ìjọba fúnra wọn ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà tí sójà tí ayé bá sú lè pè wà, 988, kéèyàn wá tẹ 1. Mo kọ ọ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì láàárín àwòrán àwọn ìbejì. Kò sọ nǹkan kan sí i, kò sì yọ ọ́ kúrò. Tí mo bá ní kó lọ rí dókítà, á ní wọ́n á kọ ọ́ sínú fáìlì òun.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ rèé. Bá mi sọ fún Bàbá Kọ́lá kí wọ́n pè é. Kí wọ́n má kì í ní Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí lọ́tẹ̀ yìí, jọ̀ọ́. Ẹni tí wọ́n bá ti kì pé Ẹ̀ṣọ́ kì í gba ọfà lẹ́yìn, ṣé ó tún lè la ẹnu sọ pé òun ò rí oorun sùn? Kí wọ́n má béèrè Romania, kí wọ́n má dúpẹ́ kankan. Kí wọ́n kàn bá a jiyàn bọ́ọ̀lù bí wọ́n ti máa ń ṣe, kí wọ́n bú kíláàbù rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n jẹ́ kó bú tiwọn náà. Tó bá wá fẹ́ sọ nǹkan, kí wọ́n jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Kí wọ́n má sì sọ pé èmi ni mo rán wọn o!

Sunday ló dára jù, ní aago mẹ́wàá alẹ́ yín, màá ti kó àwọn ọmọ jáde. Kì í gbé ìpè àkọ́kọ́, kí wọ́n tún un pè.

Bàtà Kọ́lá ti wà lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ nílé. Tí kò bá gbà á lẹ́sẹ̀, Kọ́lá ló dàgbà jù, kì í ṣe ẹ̀bi mi.

Èmi ni tìẹ,
Ìyá Ìbejì